Àwọn Àlejò Àárín Ìwé

Bí ẹ bá fẹ́ bá Màmá Abẹ́rẹ́ jà, ẹ sọ fún un pé okùn ìwé tó rán já. Ẹ lè sọ pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ẹ lè sọ pé orin rẹ̀ kò dùn létí, á tún kọ òmíràn, á sì kọ ọ́ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé! Ó ti pẹ́ tó ti ń rán ìwé àwọn ọmọdé ní ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Táì, débi pé àwọn tó kọ́kọ́ ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń ra ìwé fún ọmọ tiwọn báyìí. Ó máa ń fọ́nnu fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé òun kò tíì rán ìwé kan tí ewé rẹ̀ bọ́.

Ọ̀gá Táì ló ni ilé iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí ọkùnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ ti ọwọ́ bọ inú yíǹkì ṣe gbọ́dọ̀ so táì mọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í so ó. Gbogbo àwọ̀ ìwé tó ti tẹ̀ ló wà lára táì náà. Ó máa ń kígbe ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì rọ̀. Bó bá bú èèyàn láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán á ti wá béèrè bóyá onítọ̀hún ti jẹun.

Ìwé ọmọdé kì í nípọn. Abala mẹ́ta péré ni: ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí. Wọ́n á tò wọ́n ní òkìtì mẹ́ta sórí tábìlì gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá Abẹ́rẹ́ á mú ọ̀kan lọ́tùn-ún, á mú ọ̀kan láàárín, á mú ọ̀kan lósì, á fi ẹ̀yìn wọn kan tábìlì kí wọ́n lè dọ́gba, abẹ́rẹ́ á wọlé, á jáde, okùn á tẹ̀lé e. Ó parí nìyẹn. Kì í wo àwòrán inú wọn rárá, ojú ihò abẹ́rẹ́ ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ tábìlì yẹn bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń mọ ọ̀nà ilé.

Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí Ọ̀gá Táì kì í fi ṣeré. Kò ní tẹ ìwé kan tà láìjẹ́ pé àwọn ọmọdé ti tọ́ ọ wò. Bí ìdì àkọ́kọ́ bá ti gbẹ, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, Tíṣà á kà á fún kíláàsì, Ọ̀gá Táì á jókòó ní kọ̀rọ̀ kan, á máa wo ojú àwọn ọmọ. Ibi tí wọ́n bá ti yán, á fa ìlà sí i, á ní kí ẹni tó kọ ọ́ lọ tún un kọ. Ó ní òun ò tíì rí alárìíwísí tó le tó ọmọ tí oorun ń kùn.

Àwọn ọmọ náà ní eré tiwọn tí wọ́n ń fi ìwé ṣe. Bí Tíṣà bá ti ṣí ojú ewé kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ lu àwòrán kan, tó kígbe pé "Èmi rèé!", òun ló ni ẹni yẹn títí ìwé á fi parí. Ẹni tó di ọba á máa gbé àyà, ẹni tó di olè á máa ráhùn. Bí awakọ̀ bá wà nínú ìtàn, wọ́n á jà lé e lórí bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń jà lórí ogún.

Jẹ́jẹ́ nìkan ni kì í kígbe. Ọmọ ọmọ Màmá Abẹ́rẹ́ ni. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá Abẹ́rẹ́ bí ló rékọjá lọ sí òdìkejì omi láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fíríìjì ṣe. Ó kọ́ iṣẹ́ dé lóòótọ́, ó sì fi ìyàwó àti ọmọ ṣe èrè. Ìyàwó náà kò tíì gbọ́ èdè ilé ọkọ. Ìkíni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ ni "Ẹ káàárọ̀," ó sì ń lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Màmá Abẹ́rẹ́ náà á dáhùn pé "Káàárọ̀, ìyàwó mi," kódà bí oòrùn bá ti wọ̀. Ọmọ ní tirẹ̀ gbọ́ èdè méjèèjì, nítorí pé bàbá rẹ̀ kò fi èdè tirẹ̀ dù ú láti ìgbà tó ti wà ní ìkókó. Bàbá náà ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí pé bí ọmọ yìí bá ń bọ̀, ẹ ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ààmì wínníwínní lórí imú, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kàn án níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń di irun rẹ̀ ní ọ̀nà méjì gígùn, á gbé wọn kọjá lórí, á jẹ́ kí wọ́n pàdé níwájú orí.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé gbogbo kíláàsì yíjú sí Jẹ́jẹ́. Wọ́n ní àfi dandan kó mú ẹnì kan nínú ìwé. Ó wo àwòrán náà lọ, ó wò ó bọ̀. Níkẹyìn, ó fi ìka kan bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́bàá kànga.

"Èmi rèé," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹ̀rín pa kíláàsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi dojú dé, láti ọjọ́ yẹn ni Bọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti di orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ohun tó bá ti pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, àwítúnwí ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, inú ń run Jẹ́jẹ́, kò lè lọ sílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Nígbà tó yá, ó ní irun ń dun òun.

Màmá Abẹ́rẹ́ mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nínú yàrá. "Wá ná, ọkọ mi. Nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú ìwé yẹn, kí ló dé tó ò mú ọmọbìnrin aláṣọ òdòdó? Ó mà rẹwà."

"Ó jọ ẹlòmíì, Màmá."

"Ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Òun náà jọ ẹlòmíì. Gbogbo wọn ló ti ní ẹni tí wọ́n jọ." Ó ronú díẹ̀. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì ò jọ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa bínú tí mo bá mú un."

Màmá Abẹ́rẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tí òun yóò ṣe. Ó bá ní kí ọmọ náà lọ bu omi mu.

Bí wọ́n ṣe jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ wá bá a. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá mọ ọmọ tó bí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Ọmọ yìí ò gbádùn níbí. Bí ara rẹ̀ ò bá tíì balẹ̀ kí wọ́n tó gba ìsinmi, a máa padà sí òdìkejì omi."

"Ìyàwó mi ńkọ́? Kí lòun wí?"

"Òun kì í sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń sunkún, ṣé ìyá á máa rẹ́rìn-ín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Màmá Abẹ́rẹ́ lọ́kàn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ilé náà ti pa lọ́lọ́, tó jẹ́ pé aago ara ògiri nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀. Báyìí, bàtà kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ kọ. Ẹnì kan ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí ewúrẹ́ fi ní irùngbọ̀n. Ta ló fẹ́ padà sọ́dọ̀ aago? Kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Kò fẹ́ rárá, kò sì mọ ohun tí òun lè ṣe sí i.

Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì lọ́sẹ̀ yẹn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní ìwé ilé: ìtàn àwọn ọmọ agbo ilé kan tí wọ́n gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń rò ó pé ta ni, kó tó di pé aládùúgbò kan ni, tó fa ewúrẹ́ wọn tó sọ nù wá, tí gbogbo wọn sì jókòó ti oúnjẹ. Èkejì ni ìwé àlejò. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní òdìkejì omi ló ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́, ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Ọ̀gá Táì ń fi ojú wé bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ tí kò ní tọ́ wò. Kò wá sí Màmá Abẹ́rẹ́ lọ́kàn láti béèrè èdè tó jẹ́. Òdìkejì omi gbòòrò, èdè tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ẹja lọ. Bébà kan náà ni wọ́n fi ṣe ìwé méjèèjì, ìwọ̀n wọn kò sì yàtọ̀.

Òjò wá rọ̀, àjà bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí tábìlì gígùn. Ọ̀gá Táì sáré kó àwọn òkìtì, ó gbé ti ibí sọ́hùn-ún, ó gbé ti ọ̀hún síbí.

"Màmá Abẹ́rẹ́, mo ti yí àwọn abala yìí padà o! Ẹ wò wọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó rán wọn!"

"Mo ti gbọ́, Ọ̀gá."

Etí rẹ̀ ló gbọ́, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó, ó mú ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lósì, abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde. Títí ó fi rán ìdì àkọ́kọ́ tán, tó fi gúlúù lẹ èèpo mọ́ wọn, ohun tó ń rò ni bí ilé yóò ṣe rí bí bàtà kékeré yẹn kò bá sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Abala àárín ìwé àlejò ló rán sínú gbogbo ìwé ilé, kò sì mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ Jẹ́jẹ́ pé kó dìde.

"Irun ń dùn mí, Màmá."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ń bọ̀ níbẹ̀ lónìí, ìwé tí mo rán ni wọ́n fẹ́ kà. Ẹ̀yìn kíláàsì ni màá jókòó sí. Bí irun bá dùn ọ́ níbẹ̀, irun tèmi náà á dùn mí, a jọ máa lọ sílé ni."

Jẹ́jẹ́ wo irun funfun orí ìyá rẹ̀ àgbà, ó rò ó, ó gbà.

Ọ̀gá Táì kò tíì lè wá nítorí pé ó ń dúró de kápẹ́ńtà tó fẹ́ tún àjà ṣe. Tíṣà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ohùn bí agogo, pín ìwé fún wọn, méjì méjì sí ìwé kan. Òórùn gúlúù tuntun gba kíláàsì. Jẹ́jẹ́ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Ẹni tí wọ́n fi í tì ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò, torí pé bí ẹ bá sọ fún un pé iná gbóná, á ní kí ẹ mú ẹlẹ́rìí wá.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Èmi rèé! Èmi rèé!" ń bú gbàù káàkiri. Agbẹjọ́rò ti di àkọ́bí inú agbo ilé. Kó-kó-kó dún lẹ́nu ọ̀nà inú ìwé. Àkọ́bí náà dìde, ó fọwọ́ mú ilẹ̀kùn, ó ní, "Ta nìyẹn o?" Gbogbo kíláàsì di èémí mú. Tíṣà ṣí ewé tó kàn.

Àwọn ọmọ kan ló dúró síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ilé onígi ló wà lẹ́yìn wọn, omi wà lábẹ́ ilé náà, wọ́n di ajá ńlá kan tí ara rẹ̀ tutù mú láàárín. Irun wọn pín sí ọ̀nà méjì gígùn, ó gba orí kọjá, ó sì pàdé níwájú. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ní ààmì wínníwínní lórí imú.

Màmá Abẹ́rẹ́ rí i láti ẹ̀yìn, ara rẹ̀ bù màṣọ̀. "Yéè! Mo gbé!" Ó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ìfọ́nnu ọjọ́ ayé rẹ̀ ló rántí lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà ń ṣí ewé síwájú, ó ń ṣí i sẹ́yìn, ó ń wo ọ̀rọ̀ tí kò lè kà.

Ohùn kan dún gbàgà.

"ÈMI RÈÉ!"

Jẹ́jẹ́ ni. Ó ti dìde dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìwé pẹrẹsẹ bí ìgbà tó fẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ohùn yẹn rí nínú kíláàsì náà. Agbẹjọ́rò wo àwòrán, ó wo imú Jẹ́jẹ́, ó tún wo àwòrán, kò rí ẹjọ́ kankan rò.

"Òun mà ni lóòótọ́," ó wí.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Tíṣà?" ẹnì kan béèrè.

"Mi ò mọ̀," Tíṣà dáhùn. Olóòótọ́ obìnrin ni. "Mi ò gbọ́ èdè náà."

"Mo mọ̀ ọ́n kà," Jẹ́jẹ́ wí. "Èdè ìyá mi ni."

Ó gbé ìwé sókè, ó kà á ní èdè ìyá rẹ̀, ìlà mẹ́ta, pẹ̀lú ohùn tó ń lọ sókè sódò bí ẹni ń kọrin. Màmá Abẹ́rẹ́ kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí òun ti sún dé etí àga. Lẹ́yìn náà ni Jẹ́jẹ́ wá túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní, 'Ẹ kú ilé o. Ọ̀nà wa jìn. Ajá wa náà wà pẹ̀lú wa.'" Ó wo ojú gbogbo wọn yíká. "Wọ́n ní, 'Ṣé àyè wà níbí?'"

"Àyè wà!" Agbẹjọ́rò kígbe, torí pé òun ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àyè wà!" gbogbo kíláàsì gbè é.

"Ṣé ajá yẹn máa ń géni jẹ?" ọmọkùnrin kan béèrè láti iwájú.

"Kò léyín mọ́," Jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Kó wọlé nígbà yẹn!"

Ìgbà náà ni eré bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn fẹ́ di àlejò. Agbẹjọ́rò fi ipò àkọ́bí sílẹ̀ láìsan ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, ó fọwọ́ lu àlejò kejì. Jẹ́jẹ́ ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlejò gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wọn, ó sì kọ́ wọn. Wọ́n ń pe ìkíni náà bó ṣe wù wọ́n, ó ń tún un ṣe fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí irun orí rẹ̀ fi tú. Kò sí ẹni tó rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ariwo yẹn ni Ọ̀gá Táì bá. Ó ti mú ìwé kan tó ṣẹ́kù nílé iṣẹ́, ó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ló bá ṣí i ní àárín. Eré ló sá wá. Táì rẹ̀ ti fò lọ sí ẹ̀yìn ọrùn.

"Ẹ pa á dé! Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìwé yẹn dé! Àṣìṣe ni! Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún mi!"

Kò sí ọmọ tó pa ìwé dé. Àwọn kan jókòó lé tiwọn. Màmá Abẹ́rẹ́ dìde ní ẹ̀yìn.

"Ọwọ́ mi ló ṣì í, Ọ̀gá. Ẹ sọ fún mi, mi ò fọkàn sí i. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Ọ̀gá Táì la ẹnu láti bá a wí dáadáa, ṣùgbọ́n Agbẹjọ́rò ti dìde.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ̀bi."

"Èmi? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ mú àlejò wọlé, ẹ ò fún wọn lóúnjẹ." Ó ṣí ewé ìparí, ó gbé e sí i lójú. "Ẹ wò ó. Gbogbo ará ilé ló ń jẹun. Àwọn àlejò dà? Ibo ni wọ́n gbà jáde? Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ajá gan-an ò jẹun," ọmọkùnrin iwájú wí.

Ọ̀gá Táì gba ìwé náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré kan tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó wo ewé ìparí pẹ́. Lóòótọ́, ààyè wà lápá òsì àwo oúnjẹ tí oníṣẹ́ ọnà kò ya ohunkóhun sí. Ó wo ojú àwọn ọmọ. Kò rí ẹnì kan tó ń yán. Ó yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ó wí fún ara rẹ̀. Ó wá gbójú sókè. "Ó dáa. Ìwé àwọn ará òdìkejì omi á lọ fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ìwé ilé la máa tún ṣe. Àwọn àlejò á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun, ajá á jẹun, èdè méjèèjì á sì wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹjọ́ mi ti parí?"

"Ẹ ò tíì tọrọ gáfárà," Agbẹjọ́rò wí.

Ọ̀gá Táì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àlejò inú ìwé. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó lè ka èdè wọn fún òun délẹ̀délẹ̀, torí pé òun ò ní tẹ ohun tí òun ò mọ̀ sínú ìwé tòun. Jẹ́jẹ́ ní ìyá òun lè kà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo wọn pé jọ sí ẹgbẹ́ tábìlì gígùn. Ìyàwó wá, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e láti máa túmọ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo òkìtì bébà, ó kí gbogbo ilé káàárọ̀. Wọ́n na ìwé sí i. Ó rí àwòrán, ojú rẹ̀ tàn. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ewé náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó lé páálí ìwé.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Ọ̀gá Táì béèrè.

Ọkọ rẹ̀ tẹ́tí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ajá ni wọ́n ń wẹ̀. Àkọ́kọ́ ní, 'Di ìrù rẹ̀ mú.' Èkejì ní, 'Ọṣẹ ti wọ̀ mí lójú.' Kékeré yìí ní, 'A ò ní wẹ ajá yìí mọ́ láyé.'"

"Ibo ni wọ́n ti béèrè bóyá àyè wà?"

"Kò síbẹ̀, Ọ̀gá. Kò sí nǹkan tó jọ ọ́."

Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Ọmọ náà ń wo bàtà rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́," bàbá rẹ̀ wí, "ṣé ìwọ lo fi ìyẹn kún un?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ."

Ọ̀gá Táì ń nu ojú ẹ̀rọ tí kò dọ̀tí. Màmá Abẹ́rẹ́ rí i pé omi ti lé ròrò sójú ọmọ òun, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó ń gbé fíríìjì lọ́wọ́ kan. Ìyàwó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa aṣọ ọkọ rẹ̀, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ fún un ní èdè tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú ìyàwó. Ó dìde lórí páálí, ó wá dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ.

"Màámi. Ṣé… àyè… wà?"

Ìgbà náà ló tó yé Màmá Abẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà tó fi ń rò pé ọmọ nìkan ni ilé náà kò gbà, obìnrin yìí ń jí, ó ń gbálẹ̀, ó ń kí òun káàárọ̀ tọ̀sán talẹ́, kò sì sí ẹnì kan tó bi í léèrè bó ṣe ń ṣe sí. Ó ju abẹ́rẹ́ sórí tábìlì, ó fa obìnrin náà mọ́ra.

"Àyè wà, ìyàwó mi. Àyè ti wà láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé. Èmi ni mi ò sọ ọ́ jáde. Ẹ má bínú sí mi."

Ọmọ rẹ̀ la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, ìyàwó fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ti yé e. Ó fi aṣọ Màmá Abẹ́rẹ́ nu ojú, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ní èdè rẹ̀.

"Kí ló wí?" Màmá Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Ó ní a ò lọ mọ́," Jẹ́jẹ́ dáhùn kíá.

Ọ̀gá Táì fi táì nu imú, ó wo ọmọ náà, ó wo bàbá rẹ̀. "Ṣé ohun tó sọ nìyẹn lóòótọ́, àbí eléyìí tún ti fi tirẹ̀ kún un?"

"Kò fi nǹkan kan kún un," bàbá Jẹ́jẹ́ wí. Ẹkún àti ẹ̀rín ń bá a jà. "Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn."